ỌKỌ̀ Ń SỌ̀RỌ̀, Ẹ MÁ FỌWỌ́ DÍ I LẸ́NU!
Bí gílóòbù LED ṣe ń wọ inú mọ́tò tí iná ìkìlọ̀ kò fi ní máa tàn

Mọ́tò kì í dé Awóyè. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìlú náà ní bèbè òkun Ìlàjẹ, ọkọ̀ ojú omi ló máa wọ̀. Ilẹ̀ tí ìlú ọ̀hún wà lórí rẹ̀ gan-an, òkun ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ iná mọ́tò kò kan ará Awóyè o. Edé tí wọ́n sá, ẹja tí wọ́n yan, orí omi ló ń gbà dé Igbókòdá. Ibẹ̀ ni mọ́tò ti ń gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, tí yóò gbé e gba Òkìtìpupa lọ sí Òrè, lọ sí Àkúrẹ́, títí dé Èkó. Bí ilẹ̀ bá ṣú sójú ọ̀nà, ẹ̀mí ìyá ẹlẹ́ja àti owó tó fi ra ọjà, ọwọ́ iná mọ́tò ni gbogbo rẹ̀ wà.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń bá mọ́tò rìn lóru. Ìyá tó jókòó síwájú á rí i tí nǹkan kan ń ṣẹ́jú wéré-wéré lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Á ní: "Dẹ́rẹ́bà, ọmọ mi, kí ló ń sáré tàn bẹ́ẹ̀ yẹn?" Dẹ́rẹ́bà á dáhùn pé: "Ẹ má dá a lóhùn, Mọ́mì. Iná tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ni. Ríwáyà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Kò sí nǹkan kan kẹ̀? Nǹkan wà níbẹ̀! Ọkọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ni ín mọ ohun tó ń sọ.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń SÁRÉ SÍ LED?

Gílóòbù àtijọ́ ní wáyà tín-ín-rín kan nínú. Bí iná bátìrì bá ti ń gba inú wáyà yẹn kọjá, wáyà á gbóná, á pọ́n, òun ló sì ń tàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ, ooru ló ń sọ ọ́ dà, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdí rèé tí gílóòbù fi ń jó èèyàn lọ́wọ́. Bí mọ́tò bá sì ti ń bọ́ sínú kòtò ojú ọ̀nà, gbì-gbì-gbì, wáyà yẹn á já, ó tán nìyẹn.

LED kò ní wáyà tó ń já. Èérún kékeré kan bí ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀ láìkọ́kọ́ gbóná pọ́n bí irin inú ààrò. Ọdún 1962 ni Nick Holonyak, ọ̀mọ̀wé kan nílé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tó ń tàn pupa. Àwọ̀ búlúù ló wá di ìṣòro fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ láìsí búlúù kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ rí funfun ṣe. Àwọn ọmọ Japan mẹ́ta, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ni wọ́n yanjú rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014. Láti ara iṣẹ́ wọn ni iná tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì àti lámpù olóòrùn òde òní ti wá.

LED kì í jẹ iná púpọ̀, ó ń pẹ́, ó sì ń tètè tàn. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì, iná LED á ti tàn kí wáyà inú gílóòbù àtijọ́ tó gbóná tán. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tètè rí i, òun náà á tẹ tiẹ̀. Èyí dára púpọ̀. Kí ló wá fa wàhálà?

OHUN TÍ Ọkọ̀ Ń KÀ

Ẹ fi wé ìyá ẹlẹ́kọ àti oníbàárà rẹ̀. Bàbá kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀kọ méje ló ń jẹ láràárọ̀. Ọdún gorí ọdún, méje náà ni. Lọ́jọ́ kan bàbá jókòó, ó jẹ ẹ̀kọ kan ṣoṣo, ó dìde. Ṣé ìyá ẹlẹ́kọ kò ní pariwo ni? Á ní: "Ẹ̀yin bàbá, ṣé kò sí o? Ṣé ara yín yá?" Bẹ́ẹ̀ ara bàbá le koko, ikùn rẹ̀ ló kéré sí i.

Bí ọ̀rọ̀ mọ́tò ṣe rí gan-an nìyẹn. Gílóòbù tiráfíkétọ̀ àtijọ́ jẹ́ 21 wáàtì. Nínú mọ́tò tó ń lo bátìrì 12 fóltì, iná tó ń fà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ámíà méjì. LED tó bá jẹ́ 3 wáàtì, ìdá kan nínú méje rẹ̀ ló máa fà. Ohun tí ọkọ̀ ń kà ni iná tó ń wọlé sí ojú ibẹ̀. Kò ní ojú tó fi ń wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń jáde. Bí ó bá ti rí i pé iná tó ń lọ kéré, ó gbà pé gílóòbù ti kú nìyẹn.

Nínú àwọn mọ́tò àtijọ́, ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fíláṣà ló ń mú kí tiráfíkétọ̀ máa ṣẹ́jú. Bí gílóòbù kan bá kú, fíláṣà á máa sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí dẹ́rẹ́bà lè mọ̀ pé iná ẹ̀gbẹ́ kan kò ṣiṣẹ́. Nínú àwọn tòkunbọ̀ tuntun, pàápàá àwọn tó ti Jámánì wá, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì-bọ́ọ̀sì ló ń ka iná. Ó lè tan àmì gílóòbù sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tilẹ̀ lè pa ojú iná náà pátápátá. Òmíràn wà tó máa ń fi iná díẹ̀ dán gílóòbù wò lóòrèkóòrè. Wáyà gílóòbù àtijọ́ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan kọjá, ṣùgbọ́n LED á mọ̀, á sì máa ṣẹ́jú bíi pé iwin wà nínú mọ́tò. Kò sí iwin kankan níbẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ NÁWÓ: IYỌ̀ ŃKỌ́?

Mọ́tò tó ń gbé ẹja láti Igbókòdá ní ọ̀tá kan tí mọ́tò tó ń gbé aṣọ kò ní. Omi iyọ̀ tó ń jò láti inú apẹ̀rẹ̀ ẹja ń ṣàn sínú búùtù, ó ń wọ ìdí iná ẹ̀yìn, ó ń jẹ kọ́pà. Bí ẹ bá yọ gílóòbù tí ẹ rí nǹkan bí èéfín aláwọ̀ ewé lójú ihò rẹ̀, ìpẹtà nìyẹn. Wáyà áàtì tí wọ́n dè mọ́ ara irin ọkọ̀ náà lè ti jẹ tán. Iná kò ní kọjá dáadáa níbẹ̀, ọkọ̀ á sì máa kìlọ̀, ì báà jẹ́ gílóòbù àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ LED.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi gílóòbù àtijọ́ tó dáa sí i. Bí ìkìlọ̀ bá ṣì ń tàn, ẹ̀bi LED kọ́. Kí ríwáyà yọ orí bátìrì, kó fi pépà tí wọ́n fi ń ha irin nu ojú ibẹ̀, kó tún áàtì dè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra gílóòbù olówó iyebíye nígbà tó jẹ́ pé ìpẹtà ni kí wọ́n kọ́kọ́ nù.

ỌNÀ MẸ́RIN TÓ WÀ

Bí ojú wáyà bá ti mọ́, tó sì dájú pé LED ni ọkọ̀ ń bá wí, ọ̀nà mẹ́rin ló wà.

Èkínní ni kí wọ́n pààrọ̀ fíláṣà. Mọ́tò tó bá ní fíláṣà tó ṣeé yọ, tó máa ń dún ṣáká-ṣáká nísàlẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí ló rọrùn jù fún un. Fíláṣà tí wọ́n ṣe fún LED wà lọ́jà, kì í ka iye iná, bó ṣe yẹ kó máa ṣẹ́jú náà ni yóò máa ṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ fíláṣà kò dọ́gba. Òmíràn ní ẹsẹ̀ 2, òmíràn 3, òmíràn 8. Kí ríwáyà mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kó fi wọ́n wé ara wọn. Tiráfíkétọ̀ nìkan lọ̀nà yìí wà fún o.

Èkejì ni LED tí wọ́n kọ CANbus sí lára. Wọ́n ti fi ohun tó ń jẹ iná kún inú rẹ̀ kí bíréènì-bọ́ọ̀sì lè rò pé gílóòbù àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ dán an wò kí ẹ tó kúrò níwájú ìsọ̀ ẹni tó tà á, torí pé èyí tó bá mọ́tò kan mu lè má bá òmíràn mu. Ó tún máa ń gbóná ju LED lásán lọ.

Ẹ̀kẹta ni rẹ̀sísítọ̀, òun ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ríwáyà. Irin kékeré aláwọ̀ wúrà ni. Èyí tó tọ́ sí gílóòbù 21 wáàtì ni wọ́n ń kọ 6 óòmù, 50 wáàtì sí lára. Wọ́n á so orí kan mọ́ wáyà tó ń gbé iná wá sí gílóòbù, wọ́n á so orí kejì mọ́ áàtì. Yóò máa bá LED jẹ iná, kí àròpọ̀ rẹ̀ lè tó ohun tí ọkọ̀ ń retí. Bàbá ti ní ẹni tó ń bá a jẹ ẹ̀kọ mẹ́fà yòókù nìyẹn.

Níbí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa! Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí iná bátìrì gòkè dé 14 fóltì, rẹ̀sísítọ̀ yìí ń mú ooru tó lé ní 30 wáàtì jáde. Ó lè bó ọwọ́, ó lè yọ́ rọ́bà, ó lè jó bébà. Ríwáyà tó bá fi téèpù dè é mọ́ ìdí wáyà, tàbí tó jẹ́ kó kan pílásítíìkì iná, iná ló gbé pa mọ́ sínú mọ́tò yẹn. Ara irin ọkọ̀ ni kí wọ́n ti fi bóòtù dè é, níbi tí kò ti ní kan wáyà tàbí apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò edé. Kí wọ́n má sì fi 6 óòmù sí iná ẹ̀yìn kékeré tó jẹ́ 5 wáàtì. Iná yẹn kì í ṣẹ́jú, gbogbo òru ló ń tàn, gbogbo òru náà ni rẹ̀sísítọ̀ á máa gbóná.

Ẹ̀kẹrin ni kọ̀ǹpútà. Nínú àwọn mọ́tò bíi Volkswagen àti Audi, ẹni tó mọṣẹ́ lè fi kọ̀ǹpútà wọ inú bíréènì-bọ́ọ̀sì, kó sọ fún un pé LED ló wà lójú ibẹ̀ báyìí, kó má kà á mọ́. Kò sí ooru, kò sí wáyà gígé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè ba ohun mìíràn jẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹ wá ẹni tó ti ṣe irú mọ́tò yín rí.

Ọ̀nà burúkú kan wà tí kò sí nínú mẹ́rin yìí. Òun ni kí wọ́n yọ gílóòbù ìkìlọ̀ kúrò lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí kí wọ́n fi téèpù dúdú bò ó. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò tún nǹkan kan ṣe. Bí ó ṣe ń bo iná gílóòbù lónìí, yóò bo iná ọ́ìlì àti ti bíréèkì lọ́la.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ JU ÈJE LỌ

Ọ̀pọ̀ ríwáyà kì í sọ èyí fún oníbàárà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Bí ọkọ̀ bá ti dákẹ́ tán, bóyá ó ṣì lè kìlọ̀ mọ́ ni ìbéèrè.

Ẹni tó fi rẹ̀sísítọ̀ sí i, bí LED rẹ̀ bá kú lọ́la, rẹ̀sísítọ̀ á ṣì máa jẹ iná lọ. Ọkọ̀ á rò pé ara le. Ẹni tó pààrọ̀ fíláṣà, fíláṣà tuntun kì í ka nǹkan, kò ní sáré bí iná bá kú. Ẹni tó fi kọ̀ǹpútà sọ fún ọkọ̀ pé kó má kà á mọ́, kò ní kà á mọ́ náà nìyẹn. LED oní-CANbus pàápàá, òmíràn nínú wọn lè kú kí ohun tó ń jẹ iná nínú rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ. Wàhálà orí dáṣíbọ́ọ̀dù tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí náà ti lọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ti pa ọkọ̀ lẹ́nu mọ́, ojú ara rẹ̀ ló kù tí yóò máa fi ṣọ́nà. Kí dẹ́rẹ́bà tan gbogbo iná kó tó gbéra, kó rìn yí ọkọ̀ ká. Kó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ ògiri, kó tẹ bíréèkì, kó wò ó bóyá pupa hàn lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Bí kò bá sí ògiri, kí ọmọ tó ń kó ẹrù dúró sẹ́yìn, kó máa pè é. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Ọkọ̀ tí kò ní iná ẹ̀yìn lórí títì Òrè lóru, tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀ pé èèyàn wà níwájú àfi ìgbà tó bá débẹ̀.

Àwọ̀ náà ṣe kókó. Ìdérí pupa, LED pupa ni kó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdérí aláwọ̀ ọsàn, LED aláwọ̀ ọsàn. Bí wọ́n bá fi funfun sẹ́yìn pupa, ó lè di aláwọ̀ osùn tó ti ṣá, tí kò ní hàn dáadáa lójú òjò. Bí LED kò bá sì tàn rárá, ẹ má tètè jù ú nù. Ọ̀pọ̀ LED ló mọ apá ibi tí iná ń gbà wọlé. Ẹ yí i padà, ẹ tún un fi sí i, ó lè tàn.

INÁ IWÁJÚ: ẸJỌ́ RẸ̀ YÀTỌ̀

Iná ẹ̀yìn àti tiráfíkétọ̀ ni gbogbo èyí. Ti iwájú le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dígí tó wà lẹ́yìn gílóòbù iwájú, wọ́n wọn ìtẹ̀kọdọrọ rẹ̀ mọ́ ibi tí wáyà gílóòbù àtijọ́ wà gan-an. LED kì í sábà tàn láti ojú kan náà. Ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, á lọ sókè, á wọ ojú ẹni tó ń bọ̀. Dẹ́rẹ́bà á ní òun ń ríran, bẹ́ẹ̀ ó ti fọ́ ẹlòmíràn lójú.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2021, mọ́tò tí wọ́n bá fi LED sínú iná iwájú tí wọ́n ṣe fún gílóòbù àtijọ́, kò ní yege àyẹ̀wò ọdọọdún wọn. Ní Jámánì, ọdún 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí irú LED kan láti ilé iṣẹ́ Osram, àwọn mọ́tò tí wọ́n dárúkọ nìkan ni wọ́n sì fọwọ́ sí i fún. Bí àwọn tó ń ṣe mọ́tò bá ń ṣọ́ra báyìí, ó yẹ kí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ náà ṣọ́ra.

Nǹkan mìíràn tún wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún títì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japan, ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣì ń gbà. Iná iwájú tí wọ́n bá tú lára mọ́tò ibẹ̀, apá òsì ni ìmọ́lẹ̀ dímù rẹ̀ gbé sókè sí. Tiwọn, ẹ̀bá títì ni òsì. Tiwa ńkọ́? Ojú ẹni tó ń bọ̀ ni. Bí wọ́n bá wá fi LED tó mọ́lẹ̀ yòò sínú irú iná bẹ́ẹ̀, ibi ló fi gun ibi. Fún iná iwájú, gílóòbù àtijọ́ tó dáa, ìdérí tí wọ́n nù mọ́, àti iná tí wọ́n gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe tọ́, tó fún ọ̀pọ̀ mọ́tò.

TI ORÍ OMI ŃKỌ́?

Bátìrì 12 fóltì náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń lò bó bá ní iná, LED sì bá a mu dáadáa. Gílóòbù 21 wáàtì méjì á fa bátìrì 75 ámíà gbẹ láàárín nǹkan bí wákàtí 21. LED 3 wáàtì méjì á lo wákàtí 150 kó tó fa iye kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dáa kí bátìrì gbẹ tó bẹ́ẹ̀. Pupa ló yẹ kó wà lápá òsì ọkọ̀, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun lẹ́yìn. Òfin tí gbogbo ayé ń lò lórí omi nìyẹn, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí ẹnìkejì kọjú sí. Kí wọ́n bo ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀, kí omi iyọ̀ má bàa dé ibẹ̀, kí fíúsì sì wà nítòsí bátìrì.

Ọkọ̀ ojú omi bẹ́ẹ̀ kì í ní bíréènì-bọ́ọ̀sì tó ń ka iná. Bí iná rẹ̀ bá kú, kò sí àmì kankan tó máa tàn níwájú ẹni tó ń wà á. Ojú ni onítọ̀hún fi ń wò ó kó tó gbéra. Ìwà yìí ló yẹ kí àwọn onímọ́tò tó ti kó LED sínú ọkọ̀ kọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gba orí omi.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja náà, kí ẹ tó gbé apẹ̀rẹ̀ yín sínú mọ́tò ní Igbókòdá, ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì, kó tan tiráfíkétọ̀ òsì àti ọ̀tún, kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn kí ẹ wò ó. Bí ọ̀kan kò bá tàn, ẹ ní kó lọ ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Mọ́tò mìíràn wà ní páàkì.